Ẹsẹ Orin Tí Wọ́n Yọ Kúrò

Àwo oúnjẹ mẹ́ta ni ìyá àgbà tó ń bu oúnjẹ gbé síwájú ẹni méjì. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè ló wà nínú wọn, búrẹ́dì àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àlùbọ́sà tútù. Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó wá ń wo ẹ̀yìn wọn bí ẹni tó ń retí ẹnìkan.

Delphia rẹ́rìn-ín. "Màmá, àwa méjì náà nìyí o. Àbí ẹ fẹ́ kí ikùn Verlin bẹ́ ni?"

"Fi Màmá sílẹ̀," ni Verlin àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wí. "Wọ́n mọ ẹni tébi ń pa tí wọ́n bá rí i."

Ìyá náà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹnì kẹta yín ńkọ́? Ẹni tó dúró láàárín yín, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yẹn. Ojú mi ló ti ń ṣú, etí mi ò tíì di. Ẹ lọ pè é wá jẹun. Ẹ má febi pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan lẹ́yìn òkè ni wọ́n ti kọrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Delphia àti Verlin Stiltner, gìtá lọ́rùn ẹ̀gbọ́n obìnrin, máńdólìn, ohun èlò olókùn kékeré bíi gìtá, láyà àbúrò. Oòrùn ò tíì wọ̀. Àwọn èrò ṣì ń tú jáde, wọ́n ń gbá Verlin léjìká pé ó ṣe é. Delphia yíjú sí àbúrò rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ fi ojú rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Verlin ò wò ó. Àwo kẹta ló ń wò. Ó rọra fà á sáàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé ṣíbí lé e, bí ẹni tó ń ṣètò oúnjẹ fún ẹni tó lọ ṣanwọ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Haskell Tibbs, tó ń ṣètò orin wọn nílé rédíò lọ́jọ́ Sátidé, ti ká aṣọ tábìlì rẹ̀ sókè lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Mo ní kí n wò ó bóyá ibẹ̀ lẹ fi ẹni yín pamọ́ sí," ni ó wí. "Ẹ mú un wá ká rí ojú ẹ̀ jàre. Ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn bí ẹni pé inú kànga ló wà." Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Delphia rí i pé nígbà tí Haskell ń padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn.

Ní àfonífojì Pigeon Fork níbi tí wọ́n ti bí wọn, láàárín àwọn òkè Kẹ̀ntọ́kì, àwọn mẹ́ta ni. Arlie ni àkọ́bí, Delphia ló tẹ̀ lé e, Verlin ni àbígbẹ̀yìn. Orin ò sì ṣàjèjì nínú ilé náà, torí bàbá wọn, Alàgbà Enos, ló ń darí orin nínú ìjọ. Ìjọ tiwọn kì í lo ohun èlò kankan. Bàbá á dìde, á ké ìlà orin kan pẹ̀lú ohùn tó yára. Gbogbo ìjọ á gba ìlà náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á wá fà á lọ díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń wá ọ̀nà láàárín òkúta. Bàbá á tún ké òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni títí orin á fi parí. Nígbà tí wọ́n bá délé tán, tí Bàbá bá ti lọ sí oko, àwọn ọmọ mẹ́ta náà á pín ohùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú ilé ẹran: Verlin lókè, Delphia láàárín, nítorí òun ló ń gbé orin gan-an, Arlie nísàlẹ̀. Àwọn ará òkè gbà pé kò sí ohùn tó ń bá ara wọn mu bí ohùn àwọn ọmọ ìyá kan náà. Bí ọ̀kan bá mí, ẹnì kejì ti mọ̀.

Orin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Orin ìsìnkú ni. Ẹsẹ mẹ́rin ló ní. Ẹsẹ kìíní ń pe olóògbé jáde kúrò nínú ilé rẹ̀. Ìkejì àti ìkẹta ń bá a rìn lọ sí ibojì. Ìkẹrin ló ń dágbére fún un:

*A ti sìn ọ́ dé bèbè odò,*
*Àwa yóò padà sílé wa;*
*Má bojú wẹ̀yìn, arìnrìn-àjò,*
*Ìwọ náà, máa lọ sílé rẹ.*

Òjò ìbáà máa rọ̀, kí obìnrin máa dákú, kí iyẹ̀pẹ̀ ti kún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá orin náà dúró kí ẹsẹ ìkẹrin tó parí. Ẹni tí a bá pè jáde, a gbọ́dọ̀ sìn ín débi tó ń lọ. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn láti kékeré nìyẹn, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n.

Arlie di awakùsà kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù. Ọdún kẹjọ tó ti ń wọ inú ihò èédú ni iná ṣẹ́ yọ nísàlẹ̀. Wọ́n rí èèyàn díẹ̀ fà jáde. Nígbà tí iná ò kú, àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì dí ẹnu ihò náà pa kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé sí iná. Wọ́n dí i. Arlie àti àwọn yòókù wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tún ṣí i mọ́.

Àwọn ará ìjọ wá bá Alàgbà Enos pé kó wá ké orin náà níbi ògiri yẹn. Ó kọ̀. "A ò rí òkú, a ò lè kọrin òkú," ni ó wí, ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ ní kí Verlin gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kó búra pé òun ò ní wọ ihò èédú láyé òun. Verlin búra. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá fi tẹ̀ lé ọmọ.

Bí Verlin ṣe gbé máńdólìn rìnrìn-àjò nìyẹn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, torí kò lè fi í sílẹ̀. Wọ́n kọrin nínú ilé-ẹ̀kọ́, lórí ọkọ̀ ńlá níbi ọjà ẹran, ní rédíò. Èèyàn fẹ́ràn wọn. Ọdún kẹta tí Arlie ti wà lẹ́yìn ògiri ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwo orin ní kí wọ́n wá. Wọ́n ní kí wọ́n kọ orin tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ sínú àwo rí. Verlin wo ilẹ̀, ó ní òun ní ọ̀kan.

"Bàbá á bínú," ni Delphia sọ fún un lẹ́yìn ilé.

"Bàbá ò ní rédíò."

"Verlin, orin òkú ni."

"Sìsí, ṣé Arlie ò kú ni? Ta ló kọ ọ́ fún un?"

Delphia gbé gìtá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Wọ́n wọlé. Verlin á ké ìlà kan, máńdólìn rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ́ kòkòrò, Delphia á sì gbà á. Ọkùnrin tó ń gba orin sílẹ̀ ní ojú àwo ò lè gba ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n yọ ọ̀kan. Delphia rò pé ìkejì ni àbúrò òun máa yọ, tàbí ìkẹta. Ìkẹrin ló yọ.

"Ìyẹn ló burú jù," ni ó sọ ní ohùn jẹ́jẹ́, tí kò gbé ojú sókè. "Mi ò lè dúró níbí kí n máa sọ fún Arlie pé kó máa lọ."

Nígbà tí àwo náà jáde, tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé e, ohùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Verlin ké ìlà, àlàfo díẹ̀ tẹ̀ lé e, níbi tí Delphia ti ń fa èémí. Nínú àlàfo yẹn gan-an, ṣáájú Delphia, ẹnìkan ti dáhùn nísàlẹ̀.

Àwo náà tà dé Òháyò, ó tà dé Dìtírọ́ìtì níbi tí àwọn ọmọ òkè ń wáṣẹ́ lọ. Ibi tí ogún èèyàn ti ń jókòó gbọ́ wọn tẹ́lẹ̀, èrò ò gba ẹnu ọ̀nà mọ́. Gbogbo wọn ló ń béèrè orin yẹn. Bí Verlin bá sì ti ké ìlà kìíní báyìí, *Arìnrìn-àjò, dìde, wọ́n ń pè ọ́*, yàrá á tutù. Òórùn kábáìdì, irú èyí tó máa ń wà lára fìtílà àwọn awakùsà, á rọra gba iwájú makirofóònù kọjá. Makirofóònù kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ti máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ara wọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ohùn wọn lè pọ̀. Ní báyìí, ẹlòmíràn ló wá pe àkíyèsí Delphia sí i pé kí ló dé tí wọ́n fi ń jìnnà síra wọn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Àyè ọkùnrin kan wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì sì ń tẹ̀ síta láti má bàa fara kàn án.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ottie Coyle tọ̀ wọ́n wá nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkọ rẹ̀ Clell wà lẹ́yìn ògiri yẹn pẹ̀lú Arlie. Kò bá Delphia sọ̀rọ̀ rárá, Verlin ló dì lápá aṣọ mú.

"Bá mi bi í," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bá mi bi í bóyá Clell wà níbẹ̀."

Verlin ò béèrè pé ta ló ní kí òun bi. Ó tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. "Ó wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ó ní omi ti dé orúnkún. Ó ní kí ẹ má ta màlúù yẹn."

Ottie fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Delphia ti àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó wakọ̀ lọ láìwo ẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè ló wá béèrè.

"Báwo lo ṣe mọ ọ̀rọ̀ màlúù?"

"Ó sọ fún mi ni."

"Ta ni, Verlin?"

Verlin yọ ẹ̀rín músẹ́, ẹ̀rín ọmọdé. "Sìsí, má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Àga ẹ̀yìn yẹn ń dún láti àná, o ò gbọ́?" Lẹ́yìn náà ni ikọ́ mú un. Ó wúkọ́ títí tí orí rẹ̀ fi kan iwájú ọkọ̀. Nígbà tó mú áńkáṣíìfù kúrò lẹ́nu, dúdú ni ohun tó wà nínú rẹ̀, dúdú tó ń dán, tó sì ní eruku nínú.

Dókítà tó wò ó gbé etí sí àyà rẹ̀ pẹ́. "Ọdún mélòó lo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ihò?"

"Mi ò wọ ihò rí, sà."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ń fọ ọwọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, ilé-iṣẹ́ kọ́ ló rán mi, má bẹ̀rù. Àyà ẹni tó ti wa èédú fún ọdún mẹ́jọ nìyí. Tí o bá padà síbẹ̀, wàá kú. Tí o ò bá padà pàápàá, mi ò lè ṣèlérí."

Delphia jókòó síta lórí àtẹ̀gùn, ó gbàdúrà. Ó kàn ń pe orúkọ Olúwa ni, ó ń sọ pé ọ̀kan ti lọ, kí Ó má jẹ́ kí ìkejì lọ. Lẹ́yìn náà ló lọ bá bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, ọjọ́ tí gbogbo ará òkè máa ń gbin ọ̀dùnkún. Alàgbà Enos wà nínú ebè, ó ń fi ọkọ́ la ilẹ̀. Kò béèrè ohun tó gbé e wá.

"Mú agbọ̀n yẹn," ni ó wí. "Ojú ọ̀dùnkún sókè, kì í ṣe bí o ṣe máa ń gbìn ín kiri bí ẹni ń ju òkúta lu ajá."

"Bàbá, Verlin ń kú lọ."

Ọkọ́ dúró. Delphia sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àwo títí dé ọ̀rọ̀ dókítà. Nígbà tó dárúkọ orin náà, ó rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ le.

"Pẹ̀lú ohun èlò olókùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ okùn kọ́ ló ká mi lára lónìí." Ó pa ojú dé. "Ẹsẹ mélòó lẹ kọ?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

Delphia ò lè gbójú sókè. "Àwo ò gbà á. A yọ ọ́."

Bàbá rẹ̀, tí kò rí i kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí láyé rẹ̀, jókòó sínú ebè. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ẹ pe ọmọ mi jáde, ẹ wá fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé àwo yẹn, ẹ tún ń pè é ni."

"Kí ló fẹ́ lọ́wọ́ Verlin? Arlie ò lè pa á lára. Arlie ló kọ́ Verlin ní ìrìn."

"Kò fẹ́ nǹkan kan. Wọ́n pè é, ó jẹ́. Ṣùgbọ́n kò lára mọ́, Delphia. Ẹni tí kò lára, ara ta ni yóò fi dúró?"

Afẹ́fẹ́ gba orí ebè kọjá. Bàbá gbé ọkọ́ rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹni tó pè é ni yóò sìn ín. Ẹnu Verlin ni ẹsẹ ìkẹrin gbọ́dọ̀ ti jáde, níbi ògiri yẹn. Mú un wá lọ́jọ́ Òdòdó, tí a máa ń fi òdòdó sórí sàréè, nígbà tí gbogbo ìdílé bá wà níbẹ̀ láti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi ló yẹ kí n ti ṣe é. Ìgbéraga ni mo fi ṣe ìgbàgbọ́."

Verlin kọ̀. Ó kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ṣé Bàbá fẹ́ dá òun padà sí ìjọ ni. Nígbà tí Delphia ò dákẹ́, ó fi ẹ̀rín sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀," ni ó wí. "O mọ bó ṣe rí? Mo gbàgbé é. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo wá bí Arlie ṣe ń pe orúkọ mi nínú orí mi, mi ò rí i mọ́. Ó ti wá padà báyìí, o ní kí n lé e."

"O ń pọ èédú, Verlin."

"Kí n máa pọ̀ ọ́."

Wọ́n ṣeré nílé rédíò ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ilé kún, oòrùn ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé. Delphia ta gìtá rẹ̀, Verlin sún mọ́ makirofóònù, ó la ẹnu, ó ké ìlà kìíní.

Ohùn Arlie ló jáde.

Ẹnu Verlin ni, ètè Verlin ló ń mì, ṣùgbọ́n ohùn náà jìn, ó nípọn, ó ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀. Èyí tó wà lókè, èyí tó mú bí abẹ́rẹ́, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, kò sí níbẹ̀. Delphia gbọ́ bí èrò ṣe mí kanlẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Haskell Tibbs nìkan ni kò pàtẹ́wọ́; ó ti bọ́ ẹ̀rọ etí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu etí bí ẹni pé nǹkan tutù kàn án.

Verlin bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun. Ó di ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mú. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Sìsí. Mo ń wá ara mi níbẹ̀, mi ò gbọ́ ara mi."

"Ṣé wàá bá mi lọ?"

Ó mi orí pé òun á lọ.

Òdòdó igbó ti tanná káàkiri òkè nígbà tí ọjọ́ náà kò. Láti òwúrọ̀ ni àwọn ìdílé ti ń ro sàréè, tí wọ́n ń gbá a, tí wọ́n ń fi òdòdó tí wọ́n fi pépà ṣe sórí òkúta. Oúnjẹ wà lórí tábìlì gígùn lábẹ́ igi, adìyẹ díndín, kéèkì tí wọ́n fi ápù gbígbẹ ṣe. Àwọn tí kò ní sàréè láti ro ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu ihò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, láti fi òdòdó tiwọn sídìí ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí Alàgbà Enos ló ṣáájú wọn, ó sì ṣí àkẹtẹ̀ kúrò lórí. Ottie Coyle wà níbẹ̀. Ó wo Verlin bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é.

Ògiri náà ti ń hu ewédò. Omi ń sun lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú. Verlin dúró síwájú rẹ̀ láàárín bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Delphia sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Alàgbà Enos wí. "Rọra."

Verlin ké ìlà kìíní ní èémí lásán, tí ẹni tó wà lẹ́yìn ò lè gbọ́. Bàbá rẹ̀ gbà á, Delphia gbà á, gbogbo wọn gbà á, orin náà sì ń fà lọ lára òkè bí èéfín. Ẹsẹ kìíní. Ìkejì. Nínú ìkẹta ni Delphia gbọ́ pé wọn kì í ṣe àwọn nìkan. Ó kọ́kọ́ rò pé òkè ló ń dá ohùn padà. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn kì í kọ ohùn ìsàlẹ̀ sí orin ẹni. Lẹ́yìn ògiri, àwọn ọkùnrin ń kọrin. Wọ́n pọ̀. Ottie Coyle ti kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé bíríkì.

"Má dúró," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi, má dúró."

Verlin ń sunkún. Ó la ẹnu fún ẹsẹ ìkẹrin. *A ti sìn ọ́ dé bèbè odò.* Wọ́n gbà á. *Àwa yóò padà sílé wa.* Lẹ́yìn ògiri, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń rìn lọ nínú ọ̀nà gígùn. Ti Arlie ló kù. Ọwọ́ Verlin bẹ̀rẹ̀ sí í móoru nínú ọwọ́ Delphia. Ó ké ìlà tó kẹ́yìn, pé *ìwọ náà, máa lọ sílé rẹ*, ó sì pa ẹnu dé.

Ìgbà yẹn ni ohùn òkè gbé orin náà. Ó mọ́, ó mú, ó ga, kò sí èyí tó lè jọ ọ́ láyé. Inú Delphia dùn. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

Ẹnu Verlin ṣì wà ní pípadé. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń jáde láti ẹ̀yìn ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Arlie, àwọn méjèèjì sì ń jìnnà lọ pa pọ̀, títí tí kò fi sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe omi tó ń kán.

Ara Verlin yá. Kò pọ èédú mọ́ láti ọjọ́ náà. Dókítà fi etí sí àyà rẹ̀, ó ní òun ò mọ ohun tí òun gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ó sanra, ó fẹ́ ọmọbìnrin kan láti Pigeon Fork. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò kọjá èémí mọ́ títí dòní, kò sì kọrin mọ́. Haskell Tibbs bẹ Delphia kó wá ẹlòmíràn. Delphia fi gìtá rẹ̀ sínú àpótí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé èèyàn kan lè gbé ayé láìní ohùn. Ó rò pé gbèsè ti parí.

Ọdún yípo, Ọjọ́ Òdòdó tún dé. Alàgbà Enos ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí náà Delphia àti Verlin nìkan ló mú òdòdó wá sídìí ògiri lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Oòrùn mú. Ẹyẹ ń ké. Delphia bẹ̀rẹ̀ láti to òdòdó rẹ̀ jọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Wọ́n ń kọrin nínú níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn èrò ti èṣí. Ẹni méjì ni. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní. Wọ́n pé, wọ́n dùn, kò sí àléébù kan nínú rẹ̀, àfi pé kò sẹ́ni tó gbé orin gan-an. Àárín ṣófo. Wọ́n á kọ ìlà kan yí i ká, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún un kọ, pẹ̀lú sùúrù, láìbínú.

Èémí ti kún àyà Delphia kó tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, ó yíjú wá àbúrò rẹ̀.

Verlin dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú oòrùn, ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Orin náà dé ibi tí ohùn àárín ti máa ń gbà á. Verlin gbé àgbọ̀n sókè, ó sì mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí olórin ṣe ń mi orí sí ẹnì kejì rẹ̀ láti sọ fún un pé ó ti kàn án láti wọlé.